Àtàńpàkò Tí A Kì Í Dárúkọ

1

…nígbà tí Pélagie agbẹ̀bí sì ka ìka ọmọ náà tán, ó tún un kà. Kíkà kejì kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ó wo òrùlé, ó wo ìyá ọmọ, ó ní:

«Madáàmù, ọmọkùnrin ni. Ó sì fi ènì sí i.»

Safouratou, tó ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ ní ọjà Ouando, rẹ́rìn-ín tòun ti àárẹ̀. Ta ni yóò ṣàlàyé ènì fún ọlọ́jà? Ẹ̀gbẹ́ àtàńpàkò ọwọ́ ọ̀tún ọmọ ni ènì náà jókòó sí. Ó kéré bí èèhù ẹ̀wà, èékánná rẹ̀ pé, ó sì ń mì jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń kí àlejò.


2

ÌKÉDE

Ehuzu! Dandan! Ìyípadà! Ó di dandan!

Ní ọdún kẹta Ìyípadà, Kọ̀mítè àdúgbò Akron ń pe tọmọdé tàgbà. Ní ọ̀sán Sátidé, kàmáráàdì BERNARDIN, olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama lísè, yóò bá wa sọ̀rọ̀ ní èdè Nàgó, kì í ṣe ní Faransé, lórí ìbéèrè yìí:

KÍ LÓ DÉ TÍ ỌMỌ FI Ń JỌ BÀBÁ RẸ̀?

Ẹni tó bá ní àpótí ìjókòó, kó gbé e dání. Ẹni tí kò bá ní, kó dúró pẹ̀lú ìgboyà.

Fún Kọ̀mítè: THÉOPHILE


3

Bernardin yìí kan náà ni ọkọ Safouratou, òun ni bàbá ọmọ tó fi ènì sí i. Ọmọ Àgùdà ni, ìran àwọn tó ti oko ẹrú ilẹ̀ Brésil padà bọ̀, tí wọ́n kó iṣẹ́ ilé mímọ bọ̀ pẹ̀lú orúkọ ìjọ Àgùdà. Baba bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá àwọn mọlémọlé nígbà ayé rẹ̀. Ilé alájà tó kọ́ sí Akron ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí bí awọ alángbá, ṣùgbọ́n òdòdó tí wọ́n fi ẹfun mọ sí orí fèrèsé kò tíì ju ewé kan nù.

Bernardin kàwé dé Dakar. Ìwé kún orí rẹ̀ bí iṣu ṣe ń kún apẹ̀rẹ̀ ará Akpro-Missérété lọ́jọ́ ọjà. Nígbà tó ní Safouratou lòun máa fẹ́, ọmọ Mùsùlùmí láti Dowa, àwọn ará ilé kan kùn. Ẹni tó kùn jù ni Claire, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ẹni tí kò kùn rárá ni Yayá Louise, ìyá wọn.

Yayá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní kò ṣe nǹkan kan nínú ilé yìí mọ́. Kì í se oúnjẹ, kì í gbálẹ̀, kì í tajà. Ó kàn jókòó sí ẹnu ọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá lọ kí ìbátan ní Dowa tàbí tó lọ sí Máàsì, ẹ wá wo ilé náà: kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó yẹ ká gbé ìkòkò kaná, ìyẹn tó bá sì kaná, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó yẹ ká sọ ọ́ kalẹ̀.


4

(Kò sí ohun kan ní ibí yìí. Ẹ má yọ ọ́. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ̀karùn-ún á dé kí àkókò rẹ̀ tó tó.)


5

Pálọ̀ ilé Akron. Ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ.

CLAIRE: (ó gbé òwú dúdú sórí tábìlì) Ẹ jẹ́ ká tètè so ó. Òwú á fún un, á gbẹ, á jábọ́. Bí a bá fi aṣọ bo ọwọ́ rẹ̀ lọ́la, àlejò kankan ò ní rí i.

SAFOURATOU: Tàǹtí Claire, òwú ìsọ̀ mi nìyẹn.

CLAIRE: Òwú gidi ni. Kì í já.

SAFOURATOU: Èmi tí mo tà á, mo mọ̀ pé kì í já. Àwa gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà wa pé ọmọ tó bá gbé ìka wá láti ọ̀run, Olúgbódi ló ń jẹ́. Wọ́n ń kí i ni.

CLAIRE: Ó dáa, lẹ́nu àwọn àgbà tiyín. Ohun tí mo ń wí gan-an nìyẹn. Nílé tiwa, irú rẹ̀ ò sí rí. Ìka márùn-ún márùn-ún la kó ti Bahia ní Brésil bọ̀.

BERNARDIN: Ẹ̀gbọ́n mi…

CLAIRE: Ṣé mo parọ́ ni? Ìwọ tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìmọ̀ ẹ̀dá. Ẹnu ọ̀nà wo ni ìka yìí gbà wọlé?

SAFOURATOU: (sí ọkọ rẹ̀) Ẹ dá wọn lóhùn.

BERNARDIN: Ẹ jẹ́ kí n yẹ ìwé wò ná.

YAYÁ LOUISE:

SAFOURATOU: Ẹ gbọ́. Ó fẹ́ yẹ ìwé wò.


6

Ìwé náà kò kọ́ ọ lọ́gbọ́n tó tó. Ó ní àmì ara mìíràn wà tó lágbára, kì í fara pa mọ́. Bí ọmọ bá ní i, bàbá tàbí ìyá gbọ́dọ̀ ní i pẹ̀lú. Bernardin fa ìwé kan yọ, ó ya ìran rẹ̀ sí i bó ṣe máa ń yà á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́: igun mẹ́rin fún ọkùnrin, òbìrí fún obìnrin. Ó bi Claire nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan, Claire sì dáhùn láìmí.

□ Bàbá àgbà, ọ̀gá mọlémọlé. Márùn-ún.
○ Ìyá àgbà. Márùn-ún.
□ Bàbá. Márùn-ún.
○ Yayá Louise. Márùn-ún.
○ Claire. «Ṣé o fọ́jú ni? Márùn-ún.»
□ Èmi. Márùn-ún.
○ Safouratou. Márùn-ún. Àwọn ará Dowa náà, márùn-ún.
■ Ọmọ.

Kò kọ ohun tó kàn. Ó kàn fi kéréyọ̀n fa ìlà kan láti ọ̀dọ̀ ọmọ gba ẹ̀gbẹ́ ìwé jáde, ó sì fi àmì ìbéèrè kan sí ìdí rẹ̀. Ojú tì í. Ó pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí kéréyọ̀n bá kọ, bí a pa á rẹ́, ipa rẹ̀ a máa wà lára ìwé bí ipa ejò lórí yanrìn.


7

Safouratou rí ipa náà. Ó pọn ọmọ, ó gba Dowa lọ.


8

Ọ̀RỌ̀ ÀRÁNṢẸ́

Láti ẹnu Gàníyù, aránṣọ, ẹ̀gbọ́n Safouratou, tó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé Akron tó sì kọ̀ láti jókòó:

«Ó ní kí n sọ fún yín pé àlàáfíà ni ọmọ wà ní Dowa. Ó ní òun kò so ó. Ó ní ká ní ẹ sọ̀rọ̀ dáadáa ni, ì bá má dun òun bí ẹ bá so ó, ìka ò ju ìka lọ. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ẹlẹ́rìí òun ni. Bí òun bá so ó, ẹ máa ní òun lọ́ ẹlẹ́rìí lọ́rùn. Lọ́jọ́ tí ilé Akron bá mọ ibi tí ìka náà ti wá, tí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ níwájú èèyàn, lọ́jọ́ náà ni òun á gbé ọmọ padà wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ẹ bá òun kí ìwé.

Èmi ò ní nǹkan kan láti fi kún un, àna mi, àfi pé ṣòkòtò yín ti jáde lójú ẹ̀rọ. Ẹ wá gbà á lọ́jọ́ tí ẹ bá tún di èèyàn.»


9

ÌSỌ̀RỌ̀ SÁTIDÉ, pẹ̀lú ohun tí Théophile olórí Kọ̀mítè fi biro pupa kọ sí i.

Nínú gbogbo yàrá kéékèèké tí ara wa fi mọ, tí ojú lásán kò lè rí, okùn kan wà níbẹ̀ tó rí tín-ín-rín, tó gùn gbọọrọ. Ẹ jẹ́ ká pè é ní okùn ìran. Ìtọ́ni wà lára rẹ̀ bí kókó ṣe ń wà lára okùn. Èyí fún ẹ̀jẹ̀, èyí fún àwọ̀, èyí fún egungun.

        [Ó dára.]

Ṣùgbọ́n ibi tí ìtọ́ni wà kò pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù lára okùn náà kò pèsè ohunkóhun. Àwọn onímọ̀ kan ti ń pè é ní pàǹtí.

        [Yọ ọ́. Ìyípadà kò ní àyè fún ẹni tí kì í ṣiṣẹ́.]

Àwọn onímọ̀ Faransé kan yẹ kòkòrò kan wò, èyí tó ń gbé inú ìfun wa. Wọ́n rí i pé ó ní ìtọ́ni tó fi ń jẹ ṣúgà inú wàrà, ṣùgbọ́n kì í lò ó bí wàrà kò bá dé. Kí ló ń dá a dúró? Apá kan lára okùn náà ni, nítòsí ìtọ́ni yẹn, tí òun fúnra rẹ̀ kò pèsè nǹkan kan. Bí ẹnu ọ̀nà ló rí. Olùṣọ́ kan máa ń jókòó dí i. Bí wàrà bá dé, olùṣọ́ á dìde, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀.

        [Àwọn Faransé? Kò wá sí ọmọ Dahomey kan tó rí i? Yọ ọ́.]

Tàwa èèyàn ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀, a kò tíì mọ̀.

        [Yọ ọ́. A kì í sọ fún aráàlú pé a kò mọ̀.]

Bernardin lọ bá Théophile nílé, wọ́n jọ fa ọ̀rọ̀ náà lọ, wọ́n fà á bọ̀. Théophile kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ràn biro pupa náà ni. Ó ní Sátidé máa ń mú ooru, ìsọ̀rọ̀ tó bá kúrú kì í pa èèyàn sórí àpótí. Bernardin gba ìwé rẹ̀, ó ka ohun tó ṣẹ́ kù bó ti ń lọ lójú ọ̀nà.

Ẹ̀jẹ̀. Àwọ̀. Egungun.

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun èlò ilé nìyí, òkúta àti igi àti yẹpẹ̀ tí wọ́n dà sí àgbàlá. Ta ni yóò sọ fún wọn ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀? Ta ni yóò sọ fún wọn pé ó tó?


10

Ibẹ̀ ni Pélagie agbẹ̀bí ti bá a lójú ọ̀nà. Ó kí i, ó bèèrè ọmọ, ó sì rí ojú rẹ̀.

Ohun tí Pélagie sọ fún un nìyí. Ó ní ìka ènì kì í ṣe nǹkan tuntun ní ìlú yìí. Ó ní òwú tó ti so wọn kò ní òǹkà. Ṣùgbọ́n àṣà wà níbẹ̀: obìnrin tó bá so ó ni yóò rì í mọ́ ẹsẹ̀ ògiri, láti ọjọ́ náà kò sì ní fẹnu bà á mọ́, kò ní sọ fún ọkọ, kò ní sọ fún ọmọ tó so ó fún. Wọ́n ní bó bá dárúkọ rẹ̀, ńṣe ló pè é padà, á hù sára ẹni tó kàn.

«Ìdí nìyẹn,» ó ní, «tí gbogbo ilé fi máa ń sọ pé irú rẹ̀ ò sí nílé àwọn rí.»

Bernardin bi í bóyá ẹnì kan ti so irú rẹ̀ nílé wọn rí.

Pélagie gbé àpò rẹ̀ kọ́ apá kejì. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣàánú àgbà tí wọ́n bá fi ọmọ tuntun náà dẹ́rù bà. Ó bá tirẹ̀ lọ.


11

Òwú ló so ìka. Kí ló so ẹnu?


12

Bernardin bá Yayá Louise lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó máa ń wà. Kò bi í ní nǹkan kan. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó ti ń ṣe nígbà tí kò tíì ga tó àga.

Yayá wo ojú rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà, ó mú ọwọ́ òsì Bernardin, ó fi ìka rẹ̀ lé ìdí àtàńpàkò ọ̀tún Bernardin fúnra rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Hóró kan wà níbẹ̀. Ó le, ó kéré bí ọkà bàbà. Gbogbo ayé rẹ̀ ni Bernardin fi mọ hóró náà. Wọ́n ti sọ fún un pé nígbà tó ń rákò ló lọ fi ọwọ́ gún ààrò. Ó sì gbà á gbọ́, òun tí ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má ṣe gba ohunkóhun gbọ́ láìwádìí.

Yayá kò tíì jọ̀wọ́ ìka rẹ̀. Ó gbé e kúrò lára àtàńpàkò rẹ̀, ó gbé e lé tòun.

Hóró.

Ohun tó jáde lẹ́nu Bernardin ni:

«Ti Claire ńkọ́?»

Yayá yíjú sí ìta. Adìyẹ méjì ń ja ìjà lórí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì dà bíi pé ìjà náà dùn ún wò.


13

Dowa. Ẹnu ọ̀nà ilé bàbá Safouratou. Gàníyù gbé ṣòkòtò lé àna rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì wọlé. Èyí tó kù, ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni.

BERNARDIN: Ọ̀dọ̀ mi ló ti wá.

SAFOURATOU: Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀?

BERNARDIN: Fọwọ́ kàn án. Níbí.

(Ó fọwọ́ kàn án. Ó pẹ́ kó tó gbé ọwọ́ kúrò.)

SAFOURATOU: Àtọjọ́ tí mo ti ń di ọwọ́ yìí mú.

BERNARDIN: Yayá náà ní i.

SAFOURATOU: Ẹ ṣeun. Èmi mọ̀, ẹ̀yin mọ̀, Yayá mọ̀. Tàǹtí Claire ńkọ́? Àwọn tí kò kí mi mọ́ ní Ouando ńkọ́?

BERNARDIN: Yayá ò lè sọ ọ́, Safoura. Wọ́n ní bó bá sọ ọ́, á tún hù.

SAFOURATOU: (ó ṣí aṣọ kúrò lọ́wọ́ ọmọ) Ó ti hù.

BERNARDIN: (ó fi ìka kan ènì náà)

SAFOURATOU: Mi ò ní kí Yayá sọ ohunkóhun. Yayá ló so ìka, òun ni àṣà dè. Ẹ̀yin ni wọ́n so ó fún. Ẹnu tiyín, ta ló so ó?


14

(Ewé yìí kì í ṣe ti ọdún yẹn. Ó tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi sí ibí nítorí pé ibí ló ti wúlò.)

Àwọn onímọ̀ wá àwọn ìdílé tí wọ́n máa ń bí ọmọ pẹ̀lú ìka ènì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàńpàkò, wọ́n sì yẹ okùn ìran wọn wò. Ìtọ́ni tó ń pín ọwọ́ sí ìka, wọ́n wò ó, kò sí ohun tó ṣe é. Ibi tí nǹkan ti yí padà jìnnà réré sí i lórí okùn kan náà, nínú ilé ìtọ́ni mìíràn tí ọ̀rọ̀ ìka kò kàn. Apá náà kò pèsè ohunkóhun. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó pe iṣẹ́: ní ìhà ìka kékeré, bẹ́ẹ̀ ni, ní ìhà àtàńpàkò, rárá. Bí ẹ̀yọ àmì kan ṣoṣo bá yí padà níbẹ̀, á pe iṣẹ́ níhà méjèèjì, ọwọ́ á sì fi ènì sí i. Nínú ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀, àmì náà á wà níbẹ̀, ìka kò sì ní yọ. Ó lè fo ọmọ kó mú ọmọ ọmọ.

Bóyá bí ti ilé Akron ṣe rí nìyẹn, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò sẹ́ni tó yẹ okùn tiwọn wò.


15

Sátidé. Àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ kún. Àwọn tó gbé àpótí wá jókòó, àwọn tí kò gbé e wá dúró pẹ̀lú ìgboyà. Claire wà níwájú, Yayá Louise wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Théophile dìde, ó ké «Ehuzu!», àgbàlá dáhùn «Dandan!», ewúrẹ́ kan náà dá sí i.

Bernardin ka ìwé tó ṣẹ́ kù. Ẹ̀jẹ̀, àwọ̀, egungun. Kò pẹ́ tó fi tán. Théophile ti ń gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti pàtẹ́wọ́, nígbà tí Bernardin ká ìwé náà, tó fi sápò.

Ó wá ń sọ̀rọ̀ láìwo ìwé. Ó sọ nípa baba bàbá rẹ̀, ọ̀gá àwọn mọlémọlé. Ó ní nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé yẹn ní Akron, baba kò gbé òkúta, kò po yẹpẹ̀. Abẹ́ igi òdìkejì ọ̀nà ló máa ń jókòó sí, ní àgbàlá ẹni ẹlẹ́ni, tí á máa pe iṣẹ́ láti ibẹ̀: ẹ bẹ̀rẹ̀ níbí, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó tó. Àlejò tó bá ń kọjá á ní kí lọ̀lẹ yìí ń ṣe níbẹ̀. Ó ní òun rò pé okùn ìran wa ní irú àwọn baba bẹ́ẹ̀ lára, ọ̀pọ̀ wọn, tí a ń pè ní pàǹtí nítorí pé a kò rí òkúta lórí wọn. Ó ní òun rò bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní a kò tíì mọ̀.

Théophile wá biro rẹ̀ títí nínú àpò.

Ìgbà yẹn ni Bernardin rí obìnrin kan tó dúró sí ẹnu géètì, tó gbé ọmọ pọ̀n, ẹsẹ̀ kan nínú àgbàlá, ẹsẹ̀ kan ní títì. Bernardin na ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ sókè bíi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó mọ ìdáhùn.

«Ọmọ mi ní àtàńpàkò méjì,» ó ní. «Ẹ ti gbọ́ ọ kiri, ẹ sì ti gbọ́ ohun tí wọ́n fi kún un. Ọ̀dọ̀ mi ló ti rí i. Wọ́n so tèmi kí n tó mọ̀ pé mo ní ọwọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ẹni tó bá fẹ́, kó wá fọwọ́ kàn án.»

Kò sẹ́ni tó wá. Ewúrẹ́ pàápàá dákẹ́.


16

ÀWỌN TÓ FI ỌWỌ́ KAN TẸ ÌDÍ ÀTÀŃPÀKÒ ỌWỌ́ KEJÌ WÒ, tí wọ́n rò pé ẹnikẹ́ni kò rí àwọn:

ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì
ìyàwó rẹ̀, tó fi ìbòrí bo ọwọ́ ná
àwọn olùkọ́ lísè, gbogbo wọn
Gàníyù, tó ti búra pé ní Dowa irú rẹ̀ ò sí
Théophile, fún Kọ̀mítè


17

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde, láti ẹ̀yìn. Ó tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́. Wọ́n ń na ọwọ́ síra wọn, wọ́n ń tẹ àtàńpàkò ara wọn bí ẹni tó ń ra ibẹ́pẹ. Ọkùnrin kan kígbe pé ààrò tó gún òun nígbà tí òun ń rákò nìyí o, ẹlòmíràn ní ààrò kan náà gún tòun.

Yayá Louise dìde. Ó gba àárín àwọn èèyàn lọ sí ẹnu géètì, ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó yọ òwú dúdú tí Claire gbé kalẹ̀ lọ́jọ́sí jáde, ó sì gbé e lé Safouratou lọ́wọ́.

Safouratou wo òwú náà. Ọjà rẹ̀ ni, kì í já. Ó wo ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, ènì ń mì jẹ́jẹ́. Ó wo Claire níwájú lọ́hùn-ún, ẹnì kan ṣoṣo nínú gbogbo àgbàlá tó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá, tó sì di ibẹ̀ pa.

Ó gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé.

«Tàǹtí Claire,» ó ní, «ẹ mú ọwọ́ wá.»


18

(Kò sí ohun kan ní ibí yìí. Ẹ má yọ ọ́.)